Ọwọ́ Méjì Péré

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ìyá ọkọ Helen Akínbíyì sún sẹ́yìn. Ọmọ wà léjìká wọn, tówẹ̀lì tútù sì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ náà tán ni. Helen fi ojú kan sínú kámẹ́rà rẹ̀, ó mi orí.

"Òjìji yín ṣì wà lórí tábìlì, mà."

"Òjìji mi náà?" Mummy wo ilẹ̀, wọ́n wo ògiri. "Ó dáa. Jẹ́ kí n kúkú gbé e lọ sí Ṣàgámù, kí n tó padà wá gbé ọmọ."

Helen rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà. Mummy wọ inú yàrá lọ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wá gba ojú fèrèsé wọlé láìsí ìdíwọ́, ó sì tẹ́ sórí tábìlì: kọ̀ǹpútà alágbèéká, ife tíì funfun, bàtà òwú ọmọ, àti òdòdó pupa kan tí ó já lẹ́bàá géètì. Helen tẹ kámẹ́rà. Àwòrán náà rẹwà, ó rẹwà ju bí yàrá náà fúnra rẹ̀ ṣe rí lọ.

Ọdún 2009 ni. Àwọn Akínbíyì ń gbé nínú estate kan ní Ìkòsì, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń ṣí géètì fún ọkọ̀, tí ariwo àwọn tí ń já ẹrù tòmátì ní Mile 12 sì ń dé etí ẹni bí ìró omi tó jìnnà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Ọ̀jọ́tà ni Helen ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ó ti bí Ọlámilékan, àkọ́bí rẹ̀, ni ó ti dá búlọ́ọ̀gù kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó sọ ní Ọwọ́ Méjì Péré. Ibẹ̀ ni ó ti ń fi han àwọn obìnrin bí abiyamọ ṣe lè to ọjọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ ọ́fíìsì, oúnjẹ ilé àti ìtọ́jú ọmọ yóò fi máa lọ geere, láìní ọmọ-ọ̀dọ̀, láìpariwo.

Kò sí ẹ̀tàn nínú ìdùnnú tí ó ń rí nídìí rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ti gbá a kiri bí ìjì: ọmú wíwú, ẹkún tí kò nídìí, aṣọ tí kò tán ní fífọ̀. Ní ọjọ́ kan, ó nu igun tábìlì kan, ó gbé ife lé e, ó ya á ní fọ́tò, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Igun kan wà láyé tí ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí ó gbé fọ́tò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ẹnì kan láti Alápẹ̀rẹ̀ kọ̀wé pé òun náà ti ń tètè jí báyìí. Ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù ní bí òun bá ti rí tábìlì yẹn, òun a nu omijé nù, òun a sì dìde. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní wú lórí? Fọ́tò kan bí òmíràn. Ohun tí kò bá tábìlì mu kì í wọ inú fọ́tò. Ohun tí kò bá sì wọ inú fọ́tò kì í wọ inú ọ̀rọ̀. Bí Mummy ṣe jáde kúrò nínú ìtàn nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Mummy ni wọ́n gbé ilé náà dúró. Ìyá tó bí Helen ti kú tipẹ́, nítorí náà ìyá Richard ọkọ rẹ̀ ni ó wá láti Ṣàgámù wá tọ́jú abiyamọ, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, àdí, àti kànìnkànìn tuntun fún omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ikùn ìyá ọmọ. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò. Helen ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró títí ọmọ yóò fi lè jókòó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Helen kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé: *Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wẹ ọmọ, mo ti se ọbẹ̀, mo ti ka ìwé iṣẹ́ mi. Ọwọ́ méjì péré, ẹ̀yin obìnrin. Kò sí àwáwí.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dùn mọ́ ọn. Ó fi ránṣẹ́, ó wọ bàtà, ó jáde.

*

Abiyamọ méjì ni ó wà ní ọ́fíìsì náà. Èkejì ni Kúnbi, tí ọmọ tirẹ̀ fi oṣù kan kéré sí Ọlámilékan. Àṣà ilé-iṣẹ́ wọn ni pé kí abiyamọ máa lọ sílé ní aago méjì ọ̀sán títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Aago méjì yẹn ni Kúnbi gbójú lé. Kò ní ìyá nítòsí, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Bonny, obìnrin tó ń bá a tọ́jú ọmọ ní Alápẹ̀rẹ̀ kì í sì í mú ọmọ ọlọ́mọ kọjá aago mẹ́ta.

Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé, mánéjà wọn, ránṣẹ́ pe Helen kí ó tó jókòó. Bébà wà níwájú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó, Helen, jókòó. Ìyàwó mi ló fi í hàn mí. Ó ní, 'Daddy, ẹ wá wo òṣìṣẹ́ yín!' *Kò sí àwáwí.*" Wọ́n fi ìka lu bébà náà. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Màdáámù Alága."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Àwọn olùdarí ń ṣèpàdé ní Ọjọ́bọ̀. A fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní Gbàgádà, orúkọ rẹ ni mo sì fi sílẹ̀ pé kó o ṣe olórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ayọ̀ ru sókè láyà Helen. Kí ó tó rí ẹnu fi dúpẹ́, ọ̀gá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ohun kan ló kù, ọ̀rọ̀ aago méjì yìí. Ó ti ń dà mí láàmú tipẹ́. Bí abiyamọ kan bá lè ṣe gbogbo èyí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ni abiyamọ kejì ń sáré lọ ṣe nílé ní aago méjì? A máa fòpin sí i. Fọ́tò rẹ yìí ni ẹ̀rí."

"Sà, Kúnbi…"

"Kúnbi á kọ́ lára rẹ. Ìwọ lo kọ ọ́, àbí èmi?"

Helen ní òun ni. Ó jáde. Ó gbìyànjú láti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ayọ̀ àti ẹ̀rù rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n.

Kúnbi ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Aunty Helen, ẹ kú oríire."

"Kúnbi, gbọ́ ná…"

"Mo ti gbọ́. Jessica tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ̀gá. Ó kà á sókè fún gbogbo wa, ó tún fi ohùn oníwàásù kà á. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fòpin sí aago méjì wa." Ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú. "Aunty, mo wá síbi ìkómọ yín. Mummy ni wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé wọ́n ti padà sí Ṣàgámù ni?"

"Wọ́n ṣì wà."

"Ta ló wá wẹ ọmọ láàárọ̀ yìí?"

Helen wo ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Mo kàn ń bèèrè ni o. Torí èmi ni mo wẹ tèmi. Mo wẹ̀ ẹ́ tán, mo gbàgbé pé èmi náà ò tíì wẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi kẹ́ ẹ gbóòórùn."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n á lò ó báyìí, Kúnbi. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba aago méjì lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ yìí ni mo máa fi sílẹ̀, torí mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún wọn ní Ọjọ́bọ̀."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹni tó ń wẹ ọmọ yín."

*

Richard gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tuntun náà, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra nínú pálọ̀. Kò gbọ́ èyí tó kù, tàbí kí a sọ pé ó gbọ́, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mummy! Ẹ wá gbọ́ o. Ìyàwó yín ti di ọ̀gá!"

Mummy jáde láti ìdáná, wọ́n ń nu ọwọ́. Kí Helen tó lè dá a dúró, Richard ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà sí Yorùbá fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ìyangàn ńlá. Mummy tẹ́tí títí ó fi parí.

"'Mo ti wẹ ọmọ.' Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Helen ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní òun ti sè é." Ohùn Richard ti ń falẹ̀.

"Ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ṣì ń ta mí lójú yìí?" Mummy jókòó sórí àga. "Kò burú. Èmi rò pé mo ti wà nínú ilé yìí láti ọjọ́ ìkómọ ni. Ó ní láti jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni mo ṣì wà."

Helen ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mummy, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló ń bínú? Ibi tí mo wà ni mò ń bèèrè."

Wọ́n wọ yàrá lọ gbé ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì padà sídìí iná wọn. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ìbá sàn fún Helen bí ó bá wà.

"Má bà á jẹ́ o," ni Richard sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹ̀ka odindi! Ta ni Kúnbi nínú ọ̀rọ̀ wa? Á wá ẹlòmíì tó lè bá a tọ́jú ọmọ. Mummy ò sì lè bínú kọjá ìyẹn, mo mọ ìyá mi."

"Kí n wá dúró níwájú wọn, kí n ní èmi ni?"

"O ò ní sọ nǹkan kan. Fọ́tò ti sọ ọ́. Kó o kàn máa rẹ́rìn-ín ni."

Ìmọ̀ràn náà rọrùn, ìdí nìyẹn tí ó fi bà á lẹ́rù. Láti ọjọ́ yẹn títí di Ọjọ́bọ̀, kò gbé fọ́tò kankan jáde. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń bèèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Ó ń dáhùn pé ara òun le, ó ń wo ẹ̀yìn Mummy bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Kò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe àwọn abiyamọ méjèèjì wọ yàrá ìpàdé. Màdáámù Alága jókòó níwájú, nídìí tábìlì, àgbà obìnrin tín-ín-rín, tí àwọn àti olóògbé ọkọ wọn jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn olùdarí mẹ́ta yí wọn ká. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé fi ẹ̀rọ tan fọ́tò Helen sára ògiri. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Òdòdó náà pupa, ife náà funfun, ìmọ́lẹ̀ náà sì dà bí èyí tí kò bá àwọn ará Èkó pín ojú ọ̀run kan náà. Ó wu Helen fúnra rẹ̀ láti wọ inú rẹ̀ lọ, kí ó lọ máa gbé níbẹ̀.

Màdáámù Alága wò ó pẹ́, wọ́n kọjú sí Kúnbi.

"Ìwọ, kí ló dé tí tìrẹ ò rí báyìí?"

"Tèmi ò ní fọ́tò, mà."

Ọ̀kan nínú àwọn olùdarí fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Wọ́n ní kò sí àwáwí. Ṣé ìwọ ní?"

"Rárá, mà. Ọmọ ni mo ní."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan?" ni Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wí. "Ìwà àfojúdi! Helen náà ní ọmọ. Helen, dáhùn."

Gbogbo ojú yí sí Helen. Ó rántí pé kí òun kàn máa rẹ́rìn-ín. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ná. Ó mọ̀ ọ́n lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kúnbi kò wò ó. Bàtà ara rẹ̀ ni Kúnbi ń wò, bí ẹni tí ó ti ń ronú bí yóò ṣe kó ẹrù rẹ̀.

"Mà," ni Helen wí, "irọ́ ni."

"Èwo ni irọ́?"

"Ohun tí mo kọ síbẹ̀, mà. Kì í ṣe èmi ni mò ń wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ mi ni. Àwọn ni wọ́n ń se ọbẹ̀. Nígbà tí mò ń ya èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, àwọn ni wọ́n gbé ọmọ dání. Mo ní kí wọ́n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀."

"Helen, ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wí kíákíá.

"Ṣóbọ̀wálé, jẹ́ ó parí."

"Bí wọ́n bá lọ sí Ṣàgámù lónìí, mi ò lè dé ibí lọ́la. Ohun tí àwa méjì ń ṣe nílé mi ni Kúnbi ń dá ṣe. Òun ló ní ọwọ́ méjì péré, mà. Èmi ní mẹ́rin."

Màdáámù Alága yọ awò ojú wọn. Wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọn kò sì yára.

"Mo bí mẹ́rin," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ìyá mi ló tọ́ mẹ́ta nínú wọn. Àwọn èèyàn ní irin ni mí. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." Wọ́n dá awò padà sójú. "Kúnbi á máa lọ ní aago méjì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tún mú ọ̀rọ̀ yẹn wá síbí. Ṣùgbọ́n ìwọ, Helen, tí o ti sọ fún gbogbo ayé pé o ò nílò rẹ̀, láti òní lọ, wàá máa bá wa parí iṣẹ́. Ti Gbàgádà, a ó wá ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Helen wí.

*

Ní aago méjì, Kúnbi gbé báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Helen.

"Ẹ ṣé, Aunty."

"Má dúpẹ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ gbọ́, gbólóhùn kò-sí-àwáwí yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àbúrò mi ń kà yín lójoojúmọ́. Ó lóyún." Ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Helen ṣí búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Kò lẹ fọ́tò kankan mọ́ ohun tí ó kọ. Ó kọ orúkọ ẹni tó ń wẹ ọmọ, ẹni tó ń se ọbẹ̀, ẹni tó jó ikùn rẹ̀ nígbà tí kò lè dìde. Ó sì pa gbólóhùn yẹn rẹ́ níbi gbogbo tí ó ti rí i. Èsì kò pẹ́ dé. Ẹnì kan ní ó ti tan àwọn jẹ. Ẹlòmíràn fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kí ó sọ búlọ́ọ̀gù náà ní Ọwọ́ Ìyá Ọkọ. Lẹ́yìn náà ni ti obìnrin Alápẹ̀rẹ̀ dé: *Láti ìgbà tí mo ti ń kà yín ni mo ti ń bá ara mi jà pé ọ̀lẹ ni mí. Mo ti lu ọmọ mi nítorí pé kò jẹ́ kí n tètè parí iṣẹ́.*

Helen ka èyí, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Omi ọmú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ti rin búláòsì rẹ̀. Ó fa ìborùn bò ó, ó sì tẹ ilé láago.

"Mummy, ẹ fún un ní èyí tó wà nínú ìgò, mà."

"Ó kọ̀ ọ́." Ẹkún Ọlámilékan ń bọ̀ lẹ́yìn ohùn wọn. "Kí ló dá ọ dúró?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n máa tètè wálé mọ́. Mo ti sọ fún wọn, mà."

"O sọ kí ni?"

"Pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́."

Helen gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ariwo ọmọ fi gba ìsàlẹ̀ kan. Nígbà tí Helen sáré sọ̀kalẹ̀, Mummy ló bá níwájú tábìlì Jessica, Ọlámilékan ń ké lẹ́yìn wọn, eruku Ìkòsì sì bo ẹsẹ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti yọjú láti yàrá gbogbo.

"Mummy, ta lẹ̀ ń wá?" ni Jessica ń bèèrè.

"Ìyá ọmọ yìí. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀."

Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ń kọjá lọ. Wọ́n rí àgbà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán, sà," ni Mummy wí gbangba. "Èmi ni wọ́n ní mò ń wẹ̀ ẹ́."

Yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí ni Helen mú wọn wọ̀. Ó jókòó sórí páálí, ó gba ọmọ, ó sì fún un lọ́mú. Ẹkún dákẹ́. Mummy mú ẹ̀yìn fáìlì kan, wọ́n ń fi fẹ́ ọmọ náà, láìyára. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gba ojú fèrèsé onígíláàsì gbọọrọ wọlé, ó sì ṣubú lé ọwọ́ wọn: àwọn ọwọ́ wíwú, tí ọṣẹ ti bó, tí ata ti pọ́n èékánná wọn. Helen kò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wọ inú báàgì kí ó tó mọ̀.

"Mummy, ṣé kí n yà yín?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí wọ́n lè rí yín, mà."

Mummy wo kámẹ́rà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n tún wo ìsàlẹ̀.

"Ọmú ti bọ́ lẹ́nu ọmọ," ni wọ́n wí.